Bí A Ṣe Gún Iyán Lórí Àjà Kejì

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀dà tuntun lára ògiri, ọ̀dà lára ilẹ̀kùn, àní omi ẹ̀rọ ilé ìdáná pàápàá ń rùn bí ọ̀dà. Láàárọ̀ Sátidé kan, tí a kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ní Festac, òórùn iṣu tó ń hó lórí sítóòfù dà pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀dà yẹn, èmi ọmọ ọdún méjìlá sì rò nínú ọkàn mi pé bí ọ̀run ṣe máa ń rùn nìyẹn. Màmá wa gbé odó sí àárín ilé ìdáná. Wọ́n gbé ọmọ odó sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀: gbì! Àwo méjì já bọ́ láti orí pákó. Wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀: gbì! Ẹnì kan sì dá wa lóhùn láti abẹ́ ilẹ̀: gbì, gbì, gbì.

Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀sẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi etí lé ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Oṣù méjì sí òní yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. N kò pè é ní àǹtí rí, torí a jọ ń jà ni.

"Mọ́mì," ó ní, "àwọn ará ìsàlẹ̀ náà ń gún iyán."

Iyán kọ́. Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ ni, tó ń gbé lábẹ́ wa gan-an. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń lu àjà ilé wọn kí a lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí wọ́n ṣe pín ilé Festac fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Dírẹ́bà ni bàbá wa ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, nígbà tí orúkọ wọn sì jáde, wọ́n sunkún níwájú ọ̀gá wọn. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́rin ń gbé ní Mushin. A wá bá ara wa nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Bọ̀sẹ̀ ń wọlé lọ fa okùn rẹ̀ lásán, kó ṣáà lè gbọ́ bó ṣe ń ké.

Nítorí yàrá kẹta yẹn ni bàbá wa ṣe lọ mú Ìyá Àgbà wá láti Ìkéré-Èkìtì. Ìyá tó bí wọn ni. Ìyá Àgbà ti ṣubú lẹ́bàá kànga nínú ilé tí wọ́n ń dá gbé, wọ́n sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Bàbá wa nìkan ló kù. Wọ́n gbà láti bá bàbá wa wá sí Èkó, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí odó àwọn kò bá lè dé, àwọn náà kò ní dé ibẹ̀. Odó náà ló jókòó ní iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìyá Àgbà ṣe rí sí oúnjẹ. Ẹ fún wọn ní ìrẹsì, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀bà, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà àti dòdò, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wá béèrè jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo la máa jẹun. Iyán nìkan ni oúnjẹ. Ìpápánu ni gbogbo ìyókù.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni lẹ́tà Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ dé. Akọ̀wé àgbà ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú, tí ìyàwó wọn ti kú, wọn kì í sì í bá ènìyàn jà lẹ́nu. Táípù ni wọ́n fi ń jà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ. Bọ̀sẹ̀ ló ń kà á, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, tó ń wú ohùn bí adájọ́:

"Kókó ọ̀rọ̀: Odó. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ẹfun àjà já sínú tíì mi. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òmíràn já sí i. Mo dúró kí n wò ó bóyá ẹ̀kẹta yóò já. Ó já."

Ìparí rẹ̀ ni kò pa wá lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá tún gbọ́ odó, àwọn á kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé náà. Bàbá wa ti tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́, pé àwọn kò ní ṣe ohunkóhun tó máa mi ilé. Dírẹ́bà ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé bí ìwé akọ̀wé àgbà bá pàdé ìwé dírẹ́bà lójú ọ̀nà, ìwé dírẹ́bà ló máa yà sí kòtò. Wọ́n ní kí a gbé odó pamọ́.

Ìyá Àgbà gbọ́. Wọn kò gbé ohùn sókè. "Ilé tí a kò bá ti lè gún iyán," wọ́n ní, "àlejò ni mí níbẹ̀. Àlejò a sì máa lọ sílé." Wọ́n ṣí àpótí páànù wọn, wọ́n ká ìró kan, wọ́n fi sí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ tí kò bá sí iyán, aṣọ kan á wọ inú àpótí. Bàbá wa á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo àpótí náà kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Wọ́n ń ro kànga tó wà ní Ìkéré.

Màmá wa ló wá sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀," bàbá wa ní, "ìwọ onígbàgbọ́, ẹbọ wo lo fẹ́ rú?"

"Ẹbọ iyán ni, Bàbá Bọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi gbé fóòmù wá."

Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì èmi àti Bọ̀sẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ odó. Lóòótọ́, kò sí ariwo. Ṣùgbọ́n odó náà ń jó. Bí màmá wa bá gún un lápá ọ̀tún, á fò sápá òsì, á tún dúró dè wọ́n níbẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ṣeré. Nígbà tí wọ́n gún un kíkan, odindi iṣu kan fò jáde, ó gba ojú fèrèsé lọ, ó bà lórí gèlè funfun Ìyá Tópẹ́, aládùúgbò wa, tó dúró nísàlẹ̀ tó ń sá aṣọ. Ìyá Tópẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo ojú ọ̀run. "Olúwa mi o," wọ́n ní, "irú ẹyẹ wo lẹ dá sí Festac?"

A gbé fóòmù kúrò. Bàbá wa yí táyà ọkọ̀ ńlá kan wálé, a kó yanrìn sínú rẹ̀, a gbé odó jókòó lórí rẹ̀. Èyí dára. Odó kò jó mọ́, kò sì dún jù, bí ẹni ń húkọ́ nínú ìrọ̀rí. A jẹ iyán lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà sì yọ ìró kan kúrò nínú àpótí. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà dé. "Kókó ọ̀rọ̀: Odó, ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ariwo ti dínkù, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aago mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lára ògiri."

Ìró náà padà sínú àpótí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga á máa pe irú nǹkan báyìí ní àtinúdá. Èmi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, màmá wa kò sì ka ìkankan. Wọn kò ní orúkọ fún un. Wọ́n kàn máa ń ní "ọ̀nà kan ò wọ ọjà," wọ́n á sì tún dìde.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kẹta ni pápá ẹ̀yìn ilé. A gbé odó sọ̀kalẹ̀ sórí koríko, a gbé iṣu gbígbóná tẹ̀lé e, màmá wa àti Ìyá Àgbà dojú kọ ara wọn pẹ̀lú ọmọ odó méjì, ó dùn ún wò. Ibẹ̀ ni àwọn bíríkìlà mẹ́ta tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Trade Fair gbà kọjá: Sùlé, Mufú àti Jímọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣọ́bìrì. Wọ́n kí wa kú iṣẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ wá jẹun o."

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí a bá pè wá jẹun á ní kó gba ibi ire lọ, á sì bá tirẹ̀ lọ. Sùlé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì," ó sì lọ wá omi tó fẹ́ fi fọ ọwọ́. Àwọn méjì yòókù tẹ̀lé e. Jímọ̀ nìkan fi òkèlè mẹ́rin kó gbogbo apá kan. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n di mẹ́fà. Ìyá Àgbà kò lè ṣe kí wọ́n má pè wọ́n, torí wọ́n ní ẹni tó bá ń gún iyán ní gbangba tí kò pe ènìyàn, àjẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta, Mufú ti mú àwo tirẹ̀ wá láti ilé. Odó padà sókè.

Aṣọ méjì péré ló kù tí kò tíì wọ inú àpótí. Bàbá wa ti lọ béèrè ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkìtì. Ìgbà yẹn ni Bọ̀sẹ̀ ní, "Ṣé wọ́n ní kí ènìyàn má gbàdúrà nínú ilé yìí?"

Ohun tó rò ni pé bí a bá ń gbàdúrà lókè, tí a ń kọrin, tí a ń pàtẹ́wọ́, tí a ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ọmọ odó? Ẹ̀rù ba màmá wa. "Bọ̀sẹ̀, ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ fi Ọlọ́run ṣeré báyìí?"

"Mọ́mì, ṣé a kì í dúpẹ́ lórí oúnjẹ ni? A kàn máa bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ náà kó tó jinná ni."

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la bẹ̀rẹ̀. Màmá wa àti Ìyá Àgbà wà ní ilé ìdáná nídìí odó orí táyà. Bàbá wa ń mi agolo mílíìkì tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Bọ̀sẹ̀ ló ń lé orin, èmi ni mò ń gbè é. Kò sí ẹni tó kọ́ Bọ̀sẹ̀ ní orin náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí nínú odó ni ẹnu rẹ̀ ń gbé jáde:

"Ọba tó fún wa nílé,
Ẹ bu omi díẹ̀ sí i,
Kókó ń bẹ lápá òsì,
Ìyá Àgbà, ẹ bá wa fọ́ ọ."

Èmi á ní, "Hálélúyà, ẹ fọ́ ọ!" Bàbá wa ń mi agolo, omijé ẹ̀rín ń ṣàn lójú wọn. A kò gbọ́ igi ìgbálẹ̀. Iyán náà kò ní kókó kan ṣoṣo. Ìyá Àgbà yọ aṣọ mẹ́ta nínú àpótí.

Ọjọ́ kẹta àdúrà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bọ̀sẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ àwọn àgbà méjèèjì, bàbá wa sì lọ ṣí ti pálọ̀. Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ ni. Wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n fi ìwé orin há abíyá, wọ́n gbé àga tiwọn lé èjìká.

"Mo gbọ́ pé ìjọ ti bẹ̀rẹ̀," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni gbàdúrà nínú ilé." Wọ́n gbé àga kalẹ̀, wọ́n jókòó.

Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iṣu wà nínú odó, iṣu kì í sì í dúró de ènìyàn. Bó bá tutù, kókó ló ń dà. Bọ̀sẹ̀ wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wo Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀. "Ẹ jẹ́ ká dìde," ó ní, "ká di ojú wa pinpin, ká fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀!" Inú ilé ìdáná dá a lóhùn: gbì! Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ náà fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wúwo ju ọmọ odó lọ. Wọ́n ń tẹ orí àjà ilé ara wọn mọ́lẹ̀ tọkàntọkàn, èmi sì ń ro aago wọn nísàlẹ̀, bóyá ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú Ìyá Tópẹ́ dání. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, a ti di méje nínú pálọ̀, ẹnì kan sì ti ń béèrè ìgbà tí a máa gbé àwo ọrẹ jáde. Àdúrà fẹ́ẹ̀ tán lẹ́nu Bọ̀sẹ̀. Ó gbàdúrà fún iná mànàmáná. Ó gbàdúrà fún àwọn awakọ̀ ojú omi. Ó gbàdúrà fún ẹja inú ọ̀sà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rì. "Àmín," ni Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ ń bú ramúramù sí i.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń wá, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ìwàásù kò dà bí orin. Bí wọ́n bá ń wàásù, gbogbo ilé ń dákẹ́ ni. Èmi ń gbọ́ bí màmá wa ṣe ń mí ní ilé ìdáná. Ìdajì wákàtí kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kókó kejì, wọ́n sì ti sọ pé márùn-ún ni.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, iyán díẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú wọn. Èdè Èkìtì wọn ki, mo fi èyí tí gbogbo wa gbọ́ kọ ọ́.

"Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ kú ìwàásù o. Iṣu mi ti ń tutù. Iyán la ń gún níbí láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe àdúrà. Ẹ jẹ́ kí n gún un, tàbí kí n máa lọ sílé mi. Mi ò lè máa jẹun bí olè nílé ọmọ mi."

Agolo já bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, àyà wọn kan ilẹ̀. Pápá Ṣóyọ̀mbọ̀ wo ọmọ odó, wọ́n wo bàbá wa, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn tí wọ́n ti fi ń tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀. Wọ́n pa ìwé orin dé. Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n lọ, wọ́n gbàgbé fìlà sórí tábìlì. Ìjọ tẹ̀lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Tópẹ́ ló kẹ́yìn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àṣé," wọ́n ní, "kì í ṣe ẹyẹ."

Ìyá Àgbà wọ yàrá lọ, wọ́n kó gbogbo aṣọ sínú àpótí, wọ́n tì í. Ẹnikẹ́ni kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá wa nà án sí Bọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò wú ohùn.

"Kókó ọ̀rọ̀: Odó, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Èkíní: ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èkejì: láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà, ilé mi kò pa lọ́lọ́ mọ́ mi lórí. Ẹ̀kẹta: láti òní lọ, kí ẹ máa gún iyán ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èmi yóò ti gbé aago mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kẹrin: kí ẹ máa kọrin sí i, nítorí odó tí kò ní orin, ènìyàn kì í mọ ìgbà tí yóò tán. Ẹ̀karùn-ún: fìlà mi wà lọ́dọ̀ yín."

Ìyá Àgbà ní kí Bọ̀sẹ̀ tún èkejì kà. Ó tún un kà. Wọ́n ní, "Ta ló ń se oúnjẹ fún un?" Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ìró tó dára jù, wọ́n ró o, wọ́n mú fìlà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń di ògiri mú. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, abọ́ iyán kan ń sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà bá wa gbé fún ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò tún di ẹrù mọ́.

Mo ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Lẹ́yìn ìsìnkú Bọ̀sẹ̀, ọmọ mi Rótìmí ní kí n má dá gbé mọ́, ó mú mi wá sí ilé rẹ̀ ní Raji Rasaki Estate. Wọ́n ń tọ́jú mi. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni mò ń jẹ, mo máa ń ní ó dùn, mo máa ń ní ó ti tó. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà ni iyán Ìyá Àgbà. Àgbà tí mo dà ti wá mọ̀ pé wọ́n ń wá ibi tí àwọn lè dúró sí nínú ilé ni. Èmi ò ní ìgboyà yẹn. Ní gbogbo ayé mi, Bọ̀sẹ̀ ló ń lé, èmi ni mò ń gbè.

Ní Sátidé tó kọjá, mo rìn lọ bá ìyàwó Rótìmí ní ilé ìdáná. Mo ní, "Fúnkẹ́, ebi ń pa mí."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pa iná tó ń dá. "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ jẹ? Ẹ sọ ọ́, ohunkóhun ni."

Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ì bá ti dáhùn kí ó tó béèrè tán. Èmi di ẹnu ọ̀nà mú, mo ní kó fún mi ní àga kan ná, kí n jókòó, kí n rò ó.